Nígbà Tí A Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Wo Ìyá Ìdòwú

Ẹ wá jókòó síbí, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kò ní sá lọ. Mo rí yín láàárọ̀ yìí nígbà tí ẹ ń ti kẹ̀kẹ́ yín bọ̀ wọ inú ọgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yaba, pẹ̀lú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ yín nítan, akoto lórí, awò dúdú lójú. Ọmọ ọmọ mi ní ẹ ti gùn ún dé orí afárá, ẹ sì ti padà kí oòrùn tó mú. Inú mi dùn. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú yín wá bi mí bóyá àwọn èèyàn máa ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà tiwa, ni ẹ̀rín bá pa mí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí la gùn nígbà náà, bí kò ṣe kẹ̀kẹ́?

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí yìí, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fi ariwo gbé èrò kiri àdúgbò báyìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Dúdú ni, irin rẹ̀ nípọn, ó sì wúwo débi pé bí ẹ bá ń gbé e gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ó dúró mí lójú àtẹ̀gùn. Kò ní jíà tí wọ́n ń yí sókè sódò bíi tiyín. Itan wa ni jíà wa. Bí ẹ bá dé ibi òkè, ẹ fi ẹ̀mí sí i, bí ẹ̀mí bá sì tán, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ máa tì í, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí gbogbo wa la jọ ń tì í.

Ìpọ̀nrí ni mò ń gbé nígbà náà, bí mo ṣe ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Ní ìdájí, àwa òṣìṣẹ́ á ti máa yọ láti Ìpọ̀nrí, láti Ojúẹlẹ́gba, láti Múṣin, a ó pàdé lójú títì. Ìró wa kò le. Ṣéènì á máa dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, táyà á máa tẹ yanrìn etí ọ̀dà, agogo ẹnì kan á dún kírín-kírín kó tó yà sí kọ̀rọ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ ibi iṣẹ́, òórùn ṣúgà àti bọ́tà á wá pàdé wa lọ́nà, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹni tó ti jẹun yó nílé. Lóru míràn, mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn yẹn lójú àlá.

Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé Èkó dákẹ́ láyé ìgbà yẹn. Èkó ò dákẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ó máa ń sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó jáde, èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ láti Ojúẹlẹ́gba dé Ìdó, kó máa gbọ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń fọn fèrè láti ọ̀nà jíjìn. Sátidé ìparí oṣù ni títì máa ń ṣófo jù, nítorí ìmọ́tótó àyíká tí ìjọba fi ń ká gbogbo èèyàn mọ́lé, àmọ́ ẹni tó bá jáde lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ ló ń tàn. Làmídì dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà kan ni ní Múṣin, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ni, ó lágbára, ó sì lágídí. Ó ní títì tó mọ́ kedere báyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa wò ó lójú fèrèsé. Àwọn agbófinró dá a dúró, wọ́n fi ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́, ó sì kó gọ́tà títí wọ́n fi ní kí aráyé máa jáde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. A fi í ṣe ẹlẹ́yà fún oṣù mélòó kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọdún kí n tó gbàgbé. Bí Kérésì bá ń bọ̀, a máa ń fi bébà aláwọ̀ mèremère wé sípóòkì, bí táyà bá ń yí, á máa dà bíi pé òdòdó ló ń yí. Bí Iléyá bá dé, ẹ ó rí àgbò lórí káríà, wọ́n ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á kọjú sẹ́yìn, á máa wo gbogbo èrò bí ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ ilé ọkọ. Mo gbé ọ̀kan rí fún àbúrò bàbá mi. Ní Ìdí-Orò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀yìn ẹ̀wù mi, n kò sì mọ̀ títí mo fi délé. Ìyàwó mi ní òun rò pé mo lọ jà ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi ń lọ gan-an ni ọ̀nà àtijọ́. Kí wọ́n tó la títì márosẹ̀ sí Ìbàdàn, ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù ni ọkọ̀ ń gbà. Nígbà tí títì tuntun dé, àwọn ọkọ̀ ńlá kó lọ síbẹ̀, wọ́n fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ fún àgbẹ̀, fún ewúrẹ́, àti fún àwa. Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù, àwa díẹ̀ tí a fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ máa ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó gba Ọjọ́ta àti Máìlì Tuẹ́lùfù kọjá, a ó la Ìkòròdú já. Bí ẹ bá ti kọjá Ọ̀dọ̀gúnyàn báyìí, igi obì á bò yín lọ́tùn-ún lósì, ọparun á forí kanra lókè ọ̀nà, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ yín lẹ́yìn ọrùn. Àwọn obìnrin máa ń sá ẹ̀gẹ́ sójú ọ̀dà nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó gbọ́ ẹyẹ. Ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń gé igi nínú oko tí ẹ ò rí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, kì í ṣe ilẹ̀ wa, àmọ́ mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹni tó lọ́ra jù ni í ṣíwájú. Alágbára á wà lẹ́yìn, á máa jẹ eruku. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn tí a kò fi já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sínú igbó. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ní ẹ̀rọ kan lọ́rùn ọwọ́ tó ń sọ ẹni tó yára jù. Ó dára. Tiwa ni pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn tó Ìdòwú. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹgbẹ́ mi ni, télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé mi. Ọmọ Rẹ́mọ ni, ìyá rẹ̀ ń gbé ní abúlé kan níwájú Ògíjó, lójú ọ̀nà àtijọ́ yẹn kan náà. Ìdòwú lè tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó máa bó ọsàn jẹ. Ó lè dúró lójú kan lórí rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, kó máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nípa bùbá. Bí mo bá rántí bó ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, inú mi á kàn dùn ni, ẹ má bi mí pé kí ló fà á.

Ara abẹ́rẹ́ la ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ìdòwú tí í ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, ó wá ń na abẹ́rẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní òwú òde òní ló ti ń pín jù. Nígbà tó ṣe, ó gun kẹ̀kẹ́ lu àtẹ olóṣàn lọ́sàn-án gangan, ọsàn fọ́n ká gbogbo títì, òun náà sì jókòó sáàárín wọn, kò rẹ́rìn-ín. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ, òsì náà ń lọ, ohun tó bá sì ti lọ kò ní padà. Ó lè rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ti ṣú.

Ó wá bá mi nílé. Àárín ọ̀wọ́n epo la wà, àwọn ọdún tí ọkọ̀ ń sùn lórí ìlà nílé epo bí ẹran tó ń dúró de omi. Ó ní òun fẹ́ lọ rí ìyá òun. Mo ní ká dúró kí epo dé, ká wọ mọ́tò lọ.

Ó ní, "Epo á dé. Ojú ńkọ́?"

Ó wá sọ ìyókù fún mi. Bàbá rẹ̀ náà fọ́jú kó tó kú, ìyá rẹ̀ ló fi ọ̀pá fà á kiri abúlé fún ọdún pípẹ́. Ìdòwú fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìmọ́lẹ̀ tó tán, àmọ́ kò fẹ́ kí Màmá mọ̀. Ó ní wọn kò lè ru irú ẹrù yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á wọ abúlé lọ́wọ́. Ó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé iwájú ilé bó ṣe máa ń ṣe, kó kí wọn, kó wò wọ́n yó, kó máa bọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ronú ohun tí a máa ṣe. Ó rán ẹ̀wù funfun kan fún Làmídì, funfun gbòò, tó máa ń tàn bí oòrùn bá kàn án. Ìyàwó rẹ̀ bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́, òun ló sì rán gbogbo rẹ̀. Làmídì á ṣíwájú nínú ẹ̀wù yẹn, Ìdòwú á tẹjú mọ́ funfun náà, á máa tẹ̀ lé e, èmi á wà lẹ́yìn, n ó máa sọ ibi tí kòtò wà fún un. Mo wo ẹ̀wù náà dáadáa lọ́jọ́ tó parí rẹ̀. Ojú rírán kò wọ́ níbì kankan. Ọkùnrin tí kò rí abẹ́rẹ́ ló rán an.

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ̀yin ọmọ, irú títì bẹ́ẹ̀, n kò rí i rí, n kò sì rò pé ẹ máa rí i. Kò sí epo, kò sí ọkọ̀. Ọ̀nà Ìkòròdú ṣófo bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ní Máìlì Tuẹ́lùfù, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà dúró, wọ́n ń kí wa bí ẹni tó ń kí ológun tó ṣẹ́gun. Ojú Ìdòwú kò kúrò lára ẹ̀wù Làmídì. Mo ń pè é láti ẹ̀yìn, "Kòtò lọ́tùn-ún. Ó ti tán. Yanrìn ń bọ̀ níwájú," ó sì ń gùn ún lọ geere bí ìgbà tí ojú rẹ̀ mú. Nígbà tí a wọ abẹ́ ọparun, ó ní òun gbọ́ òórùn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ obì. Mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ti ń dùn.

Ní kété tí a kọjá Ògíjó ni wàhálà dé. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í kí àgbà lórí kẹ̀kẹ́. Bóyá ẹ ò mọ̀. Láyé tiwa, bí o bá gun kẹ̀kẹ́ bá àgbàlagbà lọ́nà, o ní láti sọ̀kalẹ̀ kí o tó kí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, wọn á bèèrè ilé tí wọ́n ti kọ́ ẹ. Ìyá Làmídì sì ti fi pàṣán kọ́ ọ dáadáa. Bàbá arúgbó kan yọ láti inú oko pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Làmídì rí i, kò rántí nǹkan mìíràn mọ́. Ó fò sílẹ̀, ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko. Funfun tí Ìdòwú ń wò pòórá. Kí n tó lanu, ó ti fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ lu kẹ̀kẹ́ Làmídì, ó sì ti wà nílẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sójú ọ̀nà.

Bàbá náà dúró, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe nínú kó ṣàdúrà àti kó pariwo. Ó wo Làmídì nílẹ̀, ó wo Ìdòwú nílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o káre. Ṣùgbọ́n o ò wẹ̀yìn."

Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ìdòwú dìde, ó gbọn ẹ̀gẹ́ kúrò lára, ó ní kí a má bá a wí, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Orúnkún rẹ̀ bó díẹ̀, ìyẹn kọ́ ló dùn wá. Rímù iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọ́. Mo ní kó jókòó sórí káríà mi, kò jìnnà mọ́.

Ó ní, "Kí n dé iwájú ìyá mi bí àpò gààrí?"

Ó jókòó sí etí ọ̀nà. Mo wò ó, mo rí i pé ohun tó ń já a láyà kì í ṣe ìṣubú. Bí kò bá gun kẹ̀kẹ́ wọlé, Màmá á mọ̀. Bó bá sì yí padà, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá òṣùpá tó ń bọ̀ á bá ìmọ́lẹ̀ kankan lójú rẹ̀. Làmídì nu ojú rẹ̀, ó yọ táyà iwájú náà, ó ki rímù bọ àárín ẹ̀ka igi obì méjì, ó sì fi gbogbo agbára tó fi ń tẹ irin ní Múṣin tẹ̀ ẹ́. Kò tọ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú bíréèkì iwájú kúrò, ó ń yí. Ó ń dún kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́, ó sì ń mì bí ẹni tó mu ẹmu.

Báyẹn la ṣe rọra dé ẹnu abúlé. Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà tọ́ gbọọrọ dé iwájú ilé wọn, Ìdòwú sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Làmídì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ lọ́ra jù lónìí. Ẹ ṣíwájú."

Ìdòwú na ẹ̀yìn rẹ̀ ró lórí ìjókòó. Ó tẹ agogo rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà èwe, ó sì dá nìkan gùn ún lọ láàárín abúlé, pẹ̀lú kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ń yọ̀. Bí ọba bá gun kẹ̀kẹ́, kò lè gùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n dìde nígbà tí wọ́n gbọ́ agogo. Ìdòwú sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bèèrè àlàáfíà gbogbo ilé, ó ní Màmá tún ń dára sí i, ó ní aṣọ tó wà lára wọn yìí mà wu òun o, ta ló rà á fún wọn. Aṣọ oko ni, ó ti ṣá. Èmi àti Làmídì wolẹ̀.

Màmá gbá eruku ẹ̀gẹ́ tó kù lára ẹ̀wù rẹ̀ dànù pẹ̀lú ọwọ́ wọn. Wọ́n wá bi í pé:

"Ìdòwú, ta ló ń bá ẹ ti òwú bọ abẹ́rẹ́?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá ẹ náà ò yin aṣọ mi rí," ni Màmá wí, "àfi ìgbà tí kò rí i mọ́."

Ìdòwú jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀. Màmá jẹ́ kó sun ún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn kúrò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e sínú oòrùn. Wọ́n jókòó. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi irun funfun sílẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì fa orí ọmọ wọn sún mọ́ ojú wọn.

Wọ́n ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nu ojú ẹ. Wò mí dáadáa. Má kánjú, mi ò lọ síbì kankan."

Èmi àti Làmídì lọ dúró sẹ́yìn ilé. Màmá kò kúrò nínú oòrùn yẹn títí ilẹ̀ fi gbóná gan-an, òógùn ń ṣàn lójú wọn, wọn kò nù ún kí ọwọ́ má bàa bo ojú.

Ojú òsì náà lọ kí ọdún tó yí po. Láti ìgbà náà ni Ìdòwú ti gbà kí n gbé e sórí káríà mi, a sì máa ń lọ wo Màmá bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Òun ló ń sọ fún mi lẹ́yìn mi pé, "A ti dé abẹ́ ọparun," kí n tó rí i. Ó sọ fún mi pé òkùnkùn òun kò ṣófo, pé ojú ìyá òun wà níbẹ̀, oòrùn sì wà lára rẹ̀. Òun náà ti sinmi báyìí. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Tírélà ló kún ọ̀nà àtijọ́ lónìí, èéfín àwọn ilé iṣẹ́ ti bo igi obì, kẹ̀kẹ́ kò lè gba ibẹ̀ mọ́.

Ẹ lọ gbé kẹ̀kẹ́ yín sábẹ́ òrùlé, òjò ń ṣú. Àmọ́ bí ẹ bá tún jáde lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bọ́ ẹ̀rọ yẹn kúrò lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó lọ́ra jù ṣíwájú. Ẹ ò mọ ohun tó fẹ́ rí kí ilẹ̀ tó ṣú.